Ẹni Tó Béèrè Àwọ̀ Ìrù Ọkọ̀ Òfuurufú

Àjàṣẹ́, Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, ọdún 1966.

Bàbá mi kú lórí àga iṣẹ́ rẹ̀, nínú ilé gogoro tí wọ́n fi dígí yí po, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá gbójú sókè ní pápá ọkọ̀ òfuurufú yẹn ti lè rí i kedere. Wákàtí méjì àbọ̀ ni òkú rẹ̀ fi jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ létòlétò. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin. Orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hilaire Oyèkànmí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ọkọ Moríyọ̀, bàbá èmi Adéjọkẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ òfuurufú méjì bá ń bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni yóò máa bá àwọn awakọ̀ wọn sọ̀rọ̀ láti òkè, kí wọ́n má baà kọlu ara wọn. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ rẹ̀ ni, nítorí bí èèyàn bá ṣe é dáadáa, nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀. Ta ló ń dúpẹ́ fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀?

Pápá náà wà lójú ọ̀nà Avrankou. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ibẹ̀, ó mọ ibẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mi ò sì kàwé púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó ṣe ìdánwò sẹtifíkà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi, láti ìgbà náà ni mo ti ń bá gbogbo ayé yan odì. Ìyá mi ní bí mo bá wọ yàrá, yàrá á ṣú. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ó rán mi lọ sí biró wọn, ìyẹn ọ́fíìsì pápá náà, láti gba fìlà bàbá mi tó ṣì wà níbẹ̀, mo sì rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù lọ ní Àjàṣẹ́, bó bá ka ìwé yẹn, ojú rẹ̀ á ṣú ju tèmi lọ.

Ìlà mẹ́sàn-án péré ni, ní Faransé. Ó ní ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà, ẹ̀bi olóògbé Oyèkànmí ni. Ó ní kò tẹ̀lé àṣẹ. Ó ní ó jágbe mọ́ awakọ̀. Ó ní àìsàn ara rẹ̀ ló pa á, pé ọ̀rọ̀ náà kò kan iṣẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀gá àgbà buwọ́ lù ú, akọ̀wé buwọ́ lù ú, ẹlẹ́rìí náà buwọ́ lù ú.

Ẹlẹ́rìí náà ni Fofo Célestin, ọmọ iṣẹ́ bàbá mi.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo gbàgbé fìlà síbẹ̀.

*

Bàbá mi fẹ́ràn ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù máa ń ba gbogbo èèyàn, gbogbo èèyàn á sì gbọ́ràn. Òun á fi ọkọ̀ kan sókè, òun á fi èkejì sísàlẹ̀, òun á wo aago, òun á ní kí ọ̀kan ní sùúrù kí èkejì kọ́kọ́ balẹ̀. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ gaara ni ẹ̀rù ń bà á. Lọ́jọ́ yẹn, awakọ̀ á ní òun fẹ́ fi ojú ara òun wá ilẹ̀. Òfin wọn gbà á láyè. Wọ́n á bi í pé ṣé ó rí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Bó bá ti dáhùn pé "mo rí i", ẹrù ti bọ́ sí ọrùn tirẹ̀ nìyẹn: òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀lé ti iwájú, tí yóò sì máa jìnnà sí i. Ẹni tó wà nínú ilé gogoro lè mí kanlẹ̀, kó mu omi.

Bàbá mi kì í mu omi. Á béèrè sí i. Apá ibo ló wà? Kí ni àwọ̀ ìrù rẹ̀?

Létí ọ̀sà ló ti kọ́ mi ní ìdí rẹ̀, láyé ìgbà tó ṣì ń rí ọjọ́ Àìkú sinmi. Lẹ́yìn ìsìn, a máa ń jókòó wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Aguégué bọ̀, àwa méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀pà nínú ìwé.

"Jọkẹ́, ṣé o rí ọkọ̀ tó fẹ́ gúnlẹ̀ yẹn?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Bàbá, ṣé afọ́jú ni mí ni?"

"Kí ló kó?"

"Ìkòkò."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. "Màdáàmù Mo-rí-i! Èyí tí mò ń bi ọ́ kó igi ìdáná. Ó wà lẹ́yìn èyí tí ò ń wò, ó sì ti fẹ́ kọlù ú. O ti pa èèyàn méje báyìí, o wá jókòó ń jẹ ẹ̀pà mi."

Inú bí mi. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí. Ṣùgbọ́n ó yé mi. Ojú mi kò parọ́, ó rí ọkọ̀ lóòótọ́. Èyí tó rí kọ́ ni wọ́n ń bi í.

Fofo Célestin náà, abẹ́ bàbá mi ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọmọ Ègùn ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Fofo, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lédè wọn. Ọdún méjì ló fi ń jẹ àkàsà nílé wa. Bó bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ló ti ń pariwo: "Ọ̀gá mi, àwọ̀ wo ni ìrù ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ lónìí?" Bàbá mi á ní: "Wá wò ó fúnra rẹ, mi ò gba ẹ̀rí ẹnu." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀ méjì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹni tí a kò fẹ́ràn, níbo ló ti máa rí àyè dà wá?

*

Ní oṣù kejì ọdún yìí, bàbá mi ní kí ọkọ̀ kan yí po lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó balẹ̀, nítorí awakọ̀ rẹ̀ kò lè sọ àwọ̀ ohun tó ní òun rí. Èèyàn ńlá kan wà nínú ọkọ̀ náà. Ó pẹ́ dé ibi oúnjẹ ọ̀sán. Ọbẹ̀ tutù. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀gá àgbà ti kọ ìwé àṣẹ: bí awakọ̀ bá ti ní òun rí, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé gogoro má béèrè nǹkan kan mọ́, kí wọ́n má baà fi àbùkù kan àwọn awakọ̀. Ẹ wo ohun tó yí òfin padà o. Kì í ṣe òkú. Kì í ṣe ìjàǹbá. Ọbẹ̀ tó tutù ni.

Àwọn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lókè níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú ọ̀kan lọ sí ìlú míì. Nígbà tí oṣù kẹta wọlé, wọ́n mú Fofo Célestin sọ̀kalẹ̀ sí yàrá tí wọ́n ti ń gba ìròyìn ojú ọjọ́. Ó ku bàbá mi nìkan, láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọ̀sẹ̀ méje gbáko, láìsí ọjọ́ Àìkú. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ojú kan ló fi ń wò ó, bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn. Bó bá gun kẹ̀kẹ́ délé, á kọ́kọ́ dúró mọ́ ògiri, á di àyà mú, á ní kí n má sọ fún ìyá mi. Mi ò sọ. Mo ti ń bínú sí ara mi lórí ìyẹn náà, kí ẹ má rò pé àwọn ẹlòmíì nìkan ni mò ń dá lẹ́bi.

Ó ń kọ̀wé sí wọn. Gbogbo èyí tó bá kọ ló ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kayé kan, ìwé ìkọ̀wé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Kí n má baà gbàgbé ìwé kíkọ, ó máa ń gbé e fún mi pé kí n dà á kọ sínú kayé tèmi, kó fi yẹ àṣìṣe mi wò. Àṣìṣe mi pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo dà kọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo yí díẹ̀ nínú rẹ̀ sí èdè wa báyìí:

"Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta. Mo tọrọ ẹnì kejì. Èsì: wọ́n ti rí i.

"Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Mo tọrọ awò tuntun. Mo tún tọrọ ẹnì kejì. Èsì: wọ́n ti rí i.

"Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin. Mo fi ìwé dókítà mọ́ lẹ́tà mi, ó ní kí n sinmi ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo sọ fún wọn pé àṣẹ tuntun yìí yóò pa èèyàn lọ́jọ́ kan. Èsì: wọ́n ti rí i."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní biró nìyẹn. Ọ̀gá á kọ "Vu" sí etí ìwé, ìyẹn ni pé òun ti rí i, á buwọ́ lù ú, ó parí. Ìgbà mẹ́ta ló rí i. Ta ni nínú ilé iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ bi í pé, Ọ̀gá, kí lẹ rí?

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ẹnu Célestin ni mo ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí a sin bàbá mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá mi, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ràdíò kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ tó fi ń gbọ́ gbogbo ohun tí bàbá mi ń bá àwọn awakọ̀ sọ.

Ọkọ̀ kan ń ti Párákú bọ̀, ìrù rẹ̀ pupa. Òmíràn ń ti Lomé bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, eré tirẹ̀ sì pọ̀ ju ti iwájú lọ. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọkọ̀ kékeré funfun kan tó ń fọ́n oògùn sí oko ọ̀pẹ lápá Akpro-Missérété. Òun kò tilẹ̀ fẹ́ balẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ojú ọ̀run wá mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Awakọ̀ ti Lomé ní òun fẹ́ fi ojú ara òun wálẹ̀. Bàbá mi bi í pé ṣé ó rí ọkọ̀ iwájú. Ó ní òun rí i. Ibẹ̀ ni àṣẹ ọ̀gá àgbà ti ní kí bàbá mi dákẹ́.

Kò dákẹ́.

"Kí ni àwọ̀ ìrù rẹ̀?"

"Mo ní mo rí i, Mùsié."

"Mo gbọ́. Àwọ̀ ìrù rẹ̀?"

"Funfun! Ṣé orúkọ ìyá rẹ̀ náà lo fẹ́ mọ̀?"

"Gòkè! Gòkè báyìí-báyìí, yà sọ́tùn-ún!"

Célestin ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ bàbá mi, òun kò gbọ́ kó jágbe rí. Awakọ̀ náà bú u, ṣùgbọ́n ó gòkè. Bó ṣe ń yà ló rí ìrù pupa lábẹ́ ikùn ọkọ̀ rẹ̀. Ó kígbe lórí ràdíò, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ funfun tó ń fọ́n oògùn lọ́hùn-ún ló ti ń wò látàárọ̀. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni kò rí.

Ọkọ̀ ti Párákú balẹ̀. Ti Lomé yí po, òun náà balẹ̀. Ohùn bàbá mi tí ẹnikẹ́ni gbọ́ kẹ́yìn ni pé: "Ẹ káàbọ̀. Ẹ ṣeun." Aago mẹ́rin kù díẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí awakọ̀ náà ṣe bó ti sọ̀kalẹ̀. Ó lọ tààrà sí biró ọ̀gá àgbà, ó fẹjọ́ bàbá mi sùn pé ó jágbe mọ́ òun. Ọ̀gá àgbà sì mú kálàmù. Ẹ fojú inú wò ó. Lókè, ọkùnrin kan ń di àyà mú, ó ń wá èémí. Nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn méjìdínlógójì péré sí i, wọ́n ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé tó rẹwà. Wọ́n pè é lórí tẹlifóònù kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, kò gbé e. Wọ́n ní ó ń ṣe ìbínú.

Ó ń ṣe ìbínú! Òkú tó ń ṣe ìbínú!

Sikiratou tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló rí i. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Ó wá sílé wa lọ́jọ́ kejì, ó dúró lágbàlá, kò gbà kí a fún òun ní àga.

"Ìyá Jọkẹ́, èmi ni mo gun àtẹ̀gùn yẹn, aago mẹ́fà ti kọjá. Mo ní, 'Bàbá Jọkẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kí n gbá abẹ́ tábìlì.' Kò gbé e. Mo tún ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọmọ nílé.' Mo tiẹ̀ ti ìgbálẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ díẹ̀. Kí Ọlọ́run má bi mí ní ìyẹn o. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo ké. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì pariwo sókè pé ta ló ń dí àwọn lọ́wọ́."

*

Mo ní láti kọ ohun tí mo ṣe báyìí. Ìyá mi kò mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin bàbá mi, Célestin pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òun mọ ibi tí kayé aláwọ̀ ewé náà máa wúlò, pé kí n gbé e fún òun, òun á fi han ọ̀gá àgbà, wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá mi ti kìlọ̀ fún wọn. Mo gbé e fún un. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo tiẹ̀ fi etí ìró mi nu ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè mọ́. Èmi ọmọ ẹni tó ń béèrè àwọ̀ ìrù, mi ò béèrè.

Lánàá, lẹ́yìn tí mo ti rí ìwé ara ògiri, mo lọ bá a nílé rẹ̀. Ó ń fọ kẹ̀kẹ́.

"Áà, Jọkẹ́! Ọmọ Ọ̀gá mi! Wá, oúnjẹ wà nílẹ̀."

"Mi ò wá jẹun, Fofo. Kayé bàbá mi ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Ó ti rí i."

"Mo ka ìwé ara ògiri."

Ó ń fi àkísà nu ibì kan náà lára kẹ̀kẹ́, ó ń nù ún, ó ń nù ún. "Ta ló ní kí o lọ máa ka ìwé biró?"

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ lórí ràdíò. Ẹ̀yin lẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé wa."

"Jọkẹ́, o kéré. Wọ́n ní bí mi ò bá buwọ́ lù ú, wọ́n á gbé mi lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mo ní ọmọ mẹ́rin, ìyá mi sì ń ṣàìsàn. Rò ó wò. Òkú kò lè pàdánù iṣẹ́ mọ́."

"Ó lè pàdánù orúkọ."

Ó ju àkísà sílẹ̀. Ó ní kí n gbé ẹja díẹ̀ lọ fún ìyá mi. Mo fi ẹja náà sílẹ̀ lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó ń fọ̀. Láti òní lọ, Célestin ni mo ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́.

Ìyá mi ní, "Jọkẹ́, fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Mo ní, "Ìyá mi, Ọlọ́run kọ́ ló buwọ́ lù ú. Orúkọ àwọn tó buwọ́ lù ú wà níbẹ̀." Ó dìde, ó lọ wá aṣọ dúdú rẹ̀ èyí tó dára jù. Ó ní bí mo bá máa lọ, mi ò gbọ́dọ̀ dá lọ. Sikiratou náà ní òun á bá wa lọ, kí wọ́n lé òun lẹ́nu iṣẹ́ bó bá wù wọ́n, ìgbálẹ̀ kò wọ́n láyé.

Nítorí náà, Ọ̀gá àgbà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí báyìí. Mo ti da ọ̀rọ̀ yìí kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ yín láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má wulẹ̀ kọ "Vu" sí etí rẹ̀. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ pásítọ̀ wa, ẹ̀kẹta ni mo máa lẹ̀ mọ́ ògiri yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ẹ dá kayé bàbá mi padà fún ìyá mi. Ẹ kọ ọ́ síta ẹni tó fi ẹnì kan ṣoṣo sókè fún ọ̀sẹ̀ méje nígbà tí ìwé dókítà ní kó sinmi. Kí Célestin dúró níwájú ìyá mi, kó tún ohun tó sọ lọ́jọ́ ìsìnkú sọ, kí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ kí ẹ máa gbọ́. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀.

Èèyàn mẹ́tàlélógún ló fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ méjèèjì lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Orúkọ wọn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pè wọ́n jọ. Ẹ ka àṣẹ yín sí wọn létí, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kò yẹ kí Hilaire Oyèkànmí béèrè nǹkan kan. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ nínú wọn, kó wá buwọ́ lu ìwé ara ògiri yẹn lábẹ́ orúkọ Célestin. Bí ẹ ò bá rí ẹyọ ẹnì kan, ẹ fi ọwọ́ ara yín já ìwé náà wálẹ̀.